Ẹ̀kọ́ 17: Ewé ọkà bàbà ń pa òwú láró



Gbogbo wa la mọ wàrà pupa tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà lọ́jà. Kí ló sọ ọ́ di pupa? Ewé ọkà bàbà ni. Kì í ṣe ewé gbọọrọ tí ẹran ń jẹ o. Èyí tó dì mọ́ igi ọkà, tó bò ó bí àpò, tó sì pupa, òun ni. Ewé tí a fi ń pa wàrà láró yìí, a lè fi pa òwú láró nílé wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi ń hun aṣọ kan fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ó fi ewé ọkà bàbà pa òwú láró. Pupa rẹ̀ dára gan-an. Nígbà tó hun ún dé ìdajì, òwú tán. Ó tún pa òmíràn. Ojú ló fi wọn ewé, ọwọ́ ló fi bu kán-ún. Òwú kejì kò jọ ti àkọ́kọ́. Aṣọ náà pupa lápá kan, ó dà bí amọ̀ lápá kejì. Ìyàwó gbà á, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n a ò rí aṣọ náà lára rẹ̀ rí.

Ìyá mi mọ iṣẹ́. Ìwé tó lè rán an létí ni kò ní.

Ohun tí a ó lò

Òwú: gíráàmù 100
Ewé ọkà bàbà gbígbẹ: gíráàmù 100
Álọ́ọ̀mù: gíráàmù 15
Kán-ún lílọ̀: ṣíbí kékeré 1
Omi: lítà 4
Ìkòkò tánganran. Ẹ má lo ìkòkò irin, ó ń mú àwọ̀ ṣú.

Ẹ kò ní ìwọ̀n? Ẹ bẹ ẹni tó ní in lọ́jà kó bá yín wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dà á sínú agolo, kí ẹ fi ìṣó fa ìlà síbi tó dé. Agolo náà ti di ìwọ̀n yín nìyẹn.

Bí a ó ti ṣe é

1. Ẹ se òwú nínú omi ọṣẹ fún ìdajì wákàtí, kí ọ̀rá ara rẹ̀ lè kúrò. Ẹ ṣàn án dáadáa.

2. Ẹ yọ́ álọ́ọ̀mù nínú omi gbígbóná. Ẹ ki òwú bọ̀ ọ́. Ẹ gbé e ka iná kékeré fún wákàtí 1. Ẹ jẹ́ kó sùn níbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Álọ́ọ̀mù ló ń ran àwọ̀ lọ́wọ́ láti di òwú mú.

3. Ẹ gé ewé sí wẹ́wẹ́. Ẹ da òun àti kán-ún sínú lítà omi 4. Kán-ún ló ń fa pupa jáde. Ẹ sè é fún wákàtí 1, kí ẹ sẹ́ ẹ.

4. Ẹ ṣan òwú, kí ẹ kì í bọ omi pupa náà. Iná kékeré, wákàtí 1. Ẹ máa yí i, kí àwọ̀ lè dé ibi gbogbo. Ẹ jẹ́ kó tutù nínú omi yẹn.

5. Ẹ ṣàn án títí omi yóò fi mọ́. Ẹ sá a sí ibòji, nítorí oòrùn ń jẹ àwọ̀ yìí.

Ẹ má bẹ̀rù bí òwú bá pupa díẹ̀ sí i nígbà tó wà ní tútù. Bó bá gbẹ, á rọlẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra

Aró tí a fi sóòdù pò yàtọ̀ sí èyí. Sóòdù ń jó ọwọ́, ó ń fọ́ ojú. Ọmọ tó bá mu ún, ọ̀fun rẹ̀ á jó, ó sì lè kú. Ẹ má ṣe rọ sóòdù sínú ìgò ọtí tàbí agolo mílíìkì láé. Ewé ọkà bàbà kò ní irú ewu bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi tí álọ́ọ̀mù bá ti wọ̀ kì í ṣe ohun mímu mọ́. Ẹ ya ìkòkò aró sọ́tọ̀ sí ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ pa gbogbo òwú aṣọ kan láró lẹ́ẹ̀kan náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ mú kàyé yín. Ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n òwú, ìwọ̀n ewé, ìwọ̀n álọ́ọ̀mù, ìwọ̀n kán-ún, ìwọ̀n omi àti iye wákàtí. Ẹ so fọ́nrán òwú kan mọ́ ojú ìwé náà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pa òmíràn, ẹ ó mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ọmọ yín náà á lè kà á.

Ìbéèrè

1. Apá wo lára ọkà bàbà la ń lò?
2. Kí ni kán-ún ń ṣe? Kí ni álọ́ọ̀mù ń ṣe?
3. Kí ló dé tí òwú méjèèjì ìyá náà kò fi jọra?

Ìṣirò

Gíráàmù 100 òwú ń gba gíráàmù 15 álọ́ọ̀mù. Ìyá kan ní òwú gíráàmù 400. Gíráàmù álọ́ọ̀mù mélòó ni yóò rà?