Òṣùwọ̀n Nínú Wáìnì Ṣíṣe Nílé

Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi èso igi, òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà àti ohun ọ̀gbìn inú ọgbà ṣe wáìnì nínú ilé wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àti fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìwọ̀nba ṣúgà ni ìjọba ń pín fún olúkúlùkù, nítorí náà iṣẹ́ yìí dẹwọ́. Ní ọdún 1953 ni ìjọba mú ìdènà náà kúrò, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ náà tún fi gbèrú. Ẹni tí ó bá ń wò ó lókèèrè lè rò pé kò sí ohun tí ó le níbẹ̀: a da èso, omi, ṣúgà àti ìwúkàrà pọ̀, a sì fi wọ́n sílẹ̀ títí wọn yóò fi di ọtí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń ṣe é kò bá mọ iye ohun tí ó wà nínú ìkòkò rẹ̀ dájúdájú, làálàá ọ̀pọ̀ oṣù lè ti bàjẹ́ láti ọjọ́ kìíní.

Ṣúgà ni ìwúkàrà ń jẹ tí ó sì ń sọ di agbára ọtí. Bí ṣúgà tí ó tó gíráàmù 17 bá wà nínú lítà kan, wáìnì náà yóò ní agbára ọtí tí ó tó ìdá 1 nínú 100. Wàyí o, ká ní ìwé kan wí pé kí ṣúgà tí ó wúwo tó pọ́n-ùn 2, èyí tí í ṣe gíráàmù 907, wà nínú gálọ́ọ̀nù 1. Gálọ́ọ̀nù ti ta ni? Ẹni tí ó ti ra gàrí lọ́jà mọ̀ pé kóńgò ìyá kan lè má bá ti èkejì dọ́gba, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni gálọ́ọ̀nù rí. Ní ọdún 1707, nígbà Ọbabìnrin Anne, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdí gálọ́ọ̀nù wáìnì múlẹ̀: ó jẹ́ ìwọ̀n ohun tí àpótí tí ó gùn ní íǹṣì 11, tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 7, tí ó sì jìn ní íǹṣì 3 lè gbà. Ní ọdún 1824 àwọn Gẹ̀ẹ́sì yí tiwọn padà, wọ́n ní kí gálọ́ọ̀nù jẹ́ ìwọ̀n omi tí ó wúwo tó pọ́n-ùn 10. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò bá wọn yí i. Ti àtijọ́ ni wọ́n ń lò títí di òní. Nítorí náà gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, ti Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ lítà 4.546.

Bí ará Amẹ́ríkà bá tẹ̀lé ìwé yẹn, ṣúgà gíráàmù 240 ni yóò wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan, agbára ọtí rẹ̀ yóò sì tó ìdá 14 nínú 100. Gíráàmù 200 péré ni ti ará Gẹ̀ẹ́sì, agbára rẹ̀ kò sì ní pé 12. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ó béèrè pọ́n-ùn 3 ni ará Amẹ́ríkà ń lò, èyí burú jù: gíráàmù 360 ni yóò wà nínú lítà kan. Ó lè rẹ ìwúkàrà kí ó tó jẹ ẹ́ tán, ọtí náà yóò sì dùn bí omi oyin.

Ọ̀fìn mìíràn tún wà tí ó fara pẹ́ èyí. Ṣúgà kì í yọ́ kí ó má gba àyè. Kìlógíráàmù kan tí ó bá yọ́ sínú omi yóò fi ohun tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì lítà kún un. Nítorí náà, "da omi gálọ́ọ̀nù 1 sí i" àti "da omi sí i títí yóò fi pé gálọ́ọ̀nù 1" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ ń kà wọ́n bí ọ̀kan.

Ọlọgbọ́n kì í gbẹ́kẹ̀ lé ìlà tí ó bá lára korobá tí ó rà. Yóò gbé korobá òfìfo lé òṣùwọ̀n ìwúwo, yóò da omi tútù sí i títí ìwúwo rẹ̀ yóò fi lé ní kìlógíráàmù 1, yóò sì fa ìlà síbẹ̀. Lítà kan nìyẹn. Báyìí ni yóò ṣe títí korobá yóò fi kún. Omi gbígbóná kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ooru ń mú omi wú; omi tí ó ń hó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdá 4 nínú 100 pọ̀ ju ti tútù lọ. Nígbà tí a bá sì ń wo omi nínú ìgò tóóró, ojú gbọ́dọ̀ bá omi náà dọ́gba. Etí omi a máa gun ara ìgò díẹ̀. Àárín rẹ̀ tí ó lọ sílẹ̀ ni kí a kà, kì í ṣe etí rẹ̀.

Síbẹ̀ ìwọ̀n ọjọ́ kìíní kọ́ ni ó máa ń kù lọ́jọ́ ìkẹyìn. Nígbà tí ọtí bá ń hó gidigidi, àyè gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, kí ìfófó má baà tú jáde. Bí ó bá rọlẹ̀ tán, a óò rọra dà á kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ìgò náà kò sì ní kún mọ́. Atẹ́gùn tí ó wà ní ọrùn ìgò ni ó ń fún kòkòrò tí ń sọ wáìnì di kíkan láyè. Àwọn kan a máa fi omi dí àlàfo náà. Bí a bá da ìdajì lítà omi sínú lítà 4 tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 12, kò ní ju ìdá 10 àti díẹ̀ lọ mọ́, adùn rẹ̀ náà yóò sì dínkù. Ohun tí ó dára jù ni pé kí ẹni tí ó ń fẹ́ gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe lítà 5 láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó fi èyí tí ó ṣẹ́kù sínú ìgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá, kí ó sì máa ti inú rẹ̀ bù kún ti ńlá títí yóò fi kan ọrùn.