Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Fónò fún Àwo Orin

Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òwe yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ àwo orin nílé kọ́kọ́ rántí kó tó náwó lórí àpótí kékeré tó ń gbé ohùn àwo sókè, èyí tí àwọn olólùfẹ́ àwo ń pè ní fónò. Ní Alákìá níhìn-ín, ní Ìbàdàn, láti ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú títí dé Adégbàyí àti Ẹgbẹ́dá, àwọn ilé kan ṣì wà tí àwo bàbá kò tíì kúrò nínú páálí: Hárúnà Ìṣọ̀lá, Yusuf Ọlátúnjí, Túndé Nightingale, Ọ̀dọ́láyé Àrẹ̀mú, àti ewì Láńrewájú Adépọ̀jù. Àwọn ọmọ tó jogún wọn ti ń gbé ẹ̀rọ àwo jáde padà. Ohùn tó ń jáde kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n sì ti gbọ́ pé fónò tuntun ni yóò tún un ṣe. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ fónò tó dára ni èyí tó bá abẹ́rẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mu. Iye tí wọ́n ń tà á kò lè sọ ìyẹn fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tó ń ṣe ná. Ohùn ìsàlẹ̀, irú ti agídìgbo àti ìyá ìlù, máa ń gba ààyè púpọ̀ lára àwo. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ bó ṣe wà gan-an, ìlà àwo á fẹ̀ débi pé orin díẹ̀ ni ojú àwo kan á gbà, abẹ́rẹ́ á sì máa fò. Nítorí náà, àwọn tó ń gbẹ́ àwo a máa rẹ ohùn ìsàlẹ̀ sílẹ̀, wọ́n a sì gbé ohùn òkè, irú ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ga kó lè borí ariwo ṣìì-ṣìì tí àwo fúnra rẹ̀ ń pa. Ọdún 1954 ni àwọn ilé iṣẹ́ àwo ní Amẹ́ríkà fẹnu kò lórí ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní RIAA, àwọn orílẹ̀-èdè yòókù sì tẹ̀ lé e. Bí a bá fi ohùn àárín, 1 kHz, ṣe òṣùwọ̀n, ohùn ìsàlẹ̀ ní 20 Hz ti dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú 10, ti òkè ní 20 kHz sì ti di nǹkan bí ìlọ́po 10. Bí ìgbà tí èèyàn ká aṣọ kó lè wọ àpótí ni. Fónò ló ń tú aṣọ náà padà sí bó ṣe rí. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni láti gbé agbára iná tó ń ti orí abẹ́rẹ́ wá ga, nítorí ó kéré púpọ̀, 4 tàbí 5 mV péré, bẹ́ẹ̀ ihò AUX tó wà lẹ́yìn áńpílífáyà ń retí 300 mV tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ki wáyà ẹ̀rọ àwo bọ AUX láìsí fónò láàárín, ohùn tín-ín-rín ni yóò gbọ́. Hárúnà á máa kọrin lókèèrè, agídìgbo kò sì ní sí níbẹ̀ rárá.

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Kí ẹ tó jáde lọ ra ohunkóhun, ẹ yí ẹ̀yìn áńpílífáyà tó wà nílé síta kí ẹ wò ó. Nígbà tí owó epo rọ̀ wá láàárín ọdún 1970 sí 1980, ẹ̀rọ Japan wọ ilé wa: Sansui, Pioneer, Akai, JVC, Technics. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ihò tí wọ́n kọ PHONO sí, pẹ̀lú ìdè kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kọ GND sí. Fónò ti wà nínú ẹ̀rọ náà láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Mo gbà tọkàntọkàn pé bí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá fọ swíìṣì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, tó sì pààrọ̀ àwọn kapásítọ̀ tó ti gbẹ nínú rẹ̀, fónò inú rẹ̀ yóò na ọ̀pọ̀ àpótí olówó pọ́ọ́kú òde òní mọ́lẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pe oníṣẹ́. Òun náà ló sì lè sọ fún yín bí ẹ̀rọ náà bá ti kọjá àtúnṣe.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ àwo tuntun lẹ rà, irú Audio-Technica AT-LP60X tàbí AT-LP120X, fónò wà nínú òun náà, swíìṣì kan sì wà tó ń gbé e wọlé tó ń gbé e jáde. Bí swíìṣì bá wà ní LINE, AUX ni kí wáyà rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lo fónò ìta ni ẹ ó tì í sí PHONO. Ní ti Technics SL-1200, tó jáde lọ́dún 1972 tí àwọn DJ fẹ́ràn, èyí àtijọ́ kò ní fónò nínú rárá. Ẹ má ki fónò ìta bọ ihò PHONO láé: fónò méjì tí wọ́n so lérí ara wọn yóò sọ ohùn di ariwo wúruwùru, ó sì lè ba sípíkà jẹ́. AUX, TAPE tàbí CD ni ibi tó ń lọ.

Rédíógírámù àtijọ́ yàtọ̀ sí gbogbo èyí. Ẹ̀rọ Garrard tàbí BSR tó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn ń lo kátíríìjì sẹ̀rámíìkì, ìyẹn irú orí abẹ́rẹ́ kan, tí agbára iná rẹ̀ pọ̀ tó 100 mV tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò nílò fónò. Ẹni tó bá ra fónò fún un ti fi owó ṣòfò. Àmọ́ orí abẹ́rẹ́ rẹ̀ wúwo lórí àwo, nítorí náà ẹ má fi í lu àwo tí ẹ fẹ́ kí ó pẹ́.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ibí yìí ni owó ti ń so èso jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn ń fojú fò dá. Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì máa ń lo nǹkan bí wákàtí 500 sí 1,000. Bí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n ti pààrọ̀ tiyín kẹ́yìn, ẹ gbà pé ó ti gbó. Abẹ́rẹ́ tó ti gbó kì í kàn ṣe ohùn tí kò dùn nìkan, ó ń họ ògiri ìlà àwo, ohun tó bá sì họ níbẹ̀, kò sí fónò tó lè dá a padà. Hárúnà Ìṣọ̀lá kú lọ́dún 1983. Àwo tí òun fúnra rẹ̀ kọrin sí, tí ẹ bá họ ọ́ tán, níbo lẹ ó ti rí òmíràn? Ẹ ra abẹ́rẹ́ tuntun, kí ẹ wọn ìwúwo rẹ̀ lórí àwo: Ortofon 2M Red fẹ́ gíráàmù 1.8, Audio-Technica AT-VM95E fẹ́ 2. Àwọn tó ń lẹ owó ẹyọ mọ́ orí kátíríìjì kí abẹ́rẹ́ má baà fò níbi àríyá, wọ́n ti pa àwo jẹ ju bí eku ṣe ń pa á jẹ lọ. Lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá ti dára, tí ẹ ti fọ àwo, tí ẹ gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá ẹ ṣì nílò fónò mìíràn.

Bí ẹ bá nílò rẹ̀, ẹ wo kátíríìjì kí ẹ tó wo fónò. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù lọ́jà, MM (moving magnet) àti MC (moving coil). MM ni 2M Red, tó ń mú 5.5 mV wá, àti VM95E, tó ń mú 4 mV wá. Ìgbésókè 40 dB, ìyẹn ìlọ́po 100, ti tó wọn. MC kéré sí i gan-an: Denon DL-103 kò ju 0.3 mV lọ, ó sì nílò 60 dB, ìyẹn ìlọ́po 1,000. Ìlù tó bá dún àdúnjù, yíya ló ń ya: ẹni tó bá fi fónò tí wọ́n tì sí MC gbé kátíríìjì MM tó lágbára, ohùn akọrin á máa ya létí nígbàkigbà tó bá gbé e sókè. Ẹni tó sì fi ti MM gbé MC, yóò yí fólúùmù dópin, ariwo ṣìì-ṣìì ni yóò sì gbọ́ ju orin lọ.

Èmi kì í gba ará àdúgbò wa níyànjú láti lo MC. Kì í ṣe pé kò dára. Bí abẹ́rẹ́ MM bá gbó, ẹ ó fi ọwọ́ yọ ọ́, ẹ ó sì ki tuntun bọ̀ ọ́ lórí tábìlì yín. Ti ọ̀pọ̀ MC kò ṣe é yọ. Odindi kátíríìjì lẹ ó gbé lọ fún ẹni tó lè tún un ṣe, ibi tó sì wà jìnnà. Owó tí ẹ ó fi kún un kí fónò lè gbé MC, ẹ fi ra abẹ́rẹ́ méjì pamọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùtajà kì í sọ. Ìdènà iná tó wà lẹ́nu fónò MM gbọ́dọ̀ jẹ́ 47 kΩ, èyí sì wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n wáyà àti fónò jọ ń fi kapásítáǹsì, tí wọ́n ń fi pF wọ̀n, kún un. VM95E fẹ́ kí àpapọ̀ rẹ̀ wà láàárín 100 sí 200 pF, 2M Red fẹ́ 150 sí 300. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn òkè á máa ta létí, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á wá dún bí ohun tí kò yẹ kó dún. Nítorí náà, ẹ má so wáyà gígùn mọ́ ẹ̀rọ àwo. Mítà kan ti tó. ART DJ Pre II jẹ́ àpótí olówó kékeré tó ní swíìṣì 100 àti 200 pF, ó ní bọ́tìnnì tí ẹ lè fi yí ìgbésókè sí bí ẹ ṣe fẹ́, ó sì ní àsẹ́ tó ń gé ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ kúrò. Tiwa ni àsẹ́ yẹn. Oòrùn Ìbàdàn máa ń tẹ àwo, àwo tó tẹ̀ sì máa ń gbé abẹ́rẹ́ sókè sódò, débi tí ẹ ó rí ojú sípíkà tó ń mì láìsí ìlù tó ń dún. Jẹnẹrétọ̀ tó ń gbọ̀n ní ẹ̀yìn fèrèsé ń ṣe irú rẹ̀. Bí owó kò bá tó èyí, bí a kò bá rí àdán, à ń fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: Behringer PP400 kò ní swíìṣì kankan, síbẹ̀ ó ń ṣe iṣẹ́ RIAA rẹ̀, ó sì sàn ju kíki wáyà bọ AUX lásán lọ.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo ohun tí wọ́n ń polówó lọ ni bọ́tìnnì MONO. Púpọ̀ nínú àwo àpàlà, sákárà àti jùjú tí wọ́n tẹ̀ láàárín ọdún 1960 sí 1970 jẹ́ mono. Orin inú wọn wà nínú ìmì ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ nìkan, nígbà tí púpọ̀ nínú ariwo eruku àti àlòkù ń ti òkè sí ìsàlẹ̀ wá. Bí ẹ bá tẹ MONO, ariwo òkè-sí-ìsàlẹ̀ yẹn á pa ara rẹ̀ rẹ́, orin á sì dúró. Áńpílífáyà Japan àtijọ́ sábà máa ń ní bọ́tìnnì náà. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe. Ní ti àwo 78, irú èyí tí Túndé King ṣe fún Parlophone lọ́dún 1936, wọ́n ti wà ṣáájú RIAA, abẹ́rẹ́ tiwọn sì nípọn tó ìlọ́po 3 sí 4 abẹ́rẹ́ àwo gbọọrọ. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tòní kàn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ iná kù. 50 Hz ni iná tí IBEDC ń fún wa, ibẹ̀ náà sì wà lára ibi tí fónò ti ń gbé ohùn ga jù: RIAA ń gbé 50 Hz sókè tó ìlọ́po 7 ju ohùn àárín lọ. Ìdí nìyẹn tí ariwo ùùù fi ń yọ nínú àwo nígbà tí kò yọ nínú rédíò. Ẹ so wáyà áàtì láti ẹ̀rọ àwo mọ́ GND. Ẹ gbé fónò jìnnà sí ínfátà, sítébíláísà àti áńpílífáyà fúnra rẹ̀. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú tí iná rẹ̀ kì í ṣe pure sine máa ń fi ariwo kún un. Bí ti ilé yín bá jẹ́ irú ẹ̀, ẹ gbọ́ àwo yín nígbà tí iná bá dé.

Bí ẹ bá ń ra tòkunbọ̀ ní Alábà tàbí ní Dùgbẹ̀, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára adápítà rẹ̀. Ti Japan jẹ́ 100 V, ti Amẹ́ríkà 120 V, iná wa sì tó 230 V. Láìsí transfọ́mà, yóò jóná lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ àwo Amẹ́ríkà tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀ lé 60 Hz kò ní bọ̀ sípò pẹ̀lú transfọ́mà pàápàá, nítorí transfọ́mà kì í yí 50 Hz padà: dípò kó yí ní 33⅓, nǹkan bí 28 ni yóò máa yí, ohùn gbogbo akọrin yóò sì wálẹ̀.

Ẹ gbé ẹ̀rọ àwo yín àti àwo kan tí ẹ mọ̀ dáadáa lọ bá olùtajà. Ẹ kọ́kọ́ yí fólúùmù sókè láìgbé àwo sí i, kí ẹ gbọ́ bí ariwo ùùù bá wà. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé àwo sí i, kí ẹ sì fetí sí agídìgbo. Bí olùtajà bá kọ̀ tó ní kí ẹ sanwó kí ẹ tó dán an wò, ẹ má sanwó, ẹ máa lọ sílé.