Labalábá tí Ń Sá fún Òtútù

Ẹni tí ń gbé Sangisa tí ó sì ń ná ọjà Mile 12 mọ̀ pé láti Òkè Ọya li ọkọ̀ àlùbọ́sà ti ń wá. Ní apá ibẹ̀ náà, ní pápá Sàhẹ́lì tí ó wà ní etí aṣálẹ̀ Sàhárà, li àlejò kékeré kan ti ń dé láti Yúróòpù lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ń bọ̀ ní ilẹ̀ wọn. Labalábá ni. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Vanessa cardui. Àwọ̀ rẹ̀ dàbí ti ọsàn tí ó pọ́n, ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ sì dúdú.

Ó pẹ́ tí àwọn ará Yúróòpù kò fi mọ ibi tí ó ń gbà lọ. Wọ́n ń rí i bí ó ti ń ti gúúsù bọ̀ ní ìgbà ìrúwé, ṣùgbọ́n wọn kì í rí i kí ó padà, àwọn mìíràn sì rò pé òtútù li ó pa gbogbo wọn. Ẹ̀rọ rédà li ó tú àṣírí: ní nǹkan bí 500 mítà sókè li ó ń fò padà, níbi tí ojú kò ká. Ní ọdún 2016 li Gerard Talavera àti Roger Vila ti ilẹ̀ Sípéènì kọ̀wé pé àwọn bá a ní Chad, ó doríkọ gúúsù.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a óo bá wọn lójú kan bí ti Mẹ́síkò. Níbẹ̀, ní orí òkè Michoacán, labalábá mìíràn tí à ń pè ní monarch a máa so mọ́ ẹ̀ka igi láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kẹta, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀ka a fi tẹ̀, àwọn ènìyàn a sì máa rìn lọ wò wọ́n. Ìsinmi li èyíinì bá lọ. Iṣẹ́ li eléyìí bá wá. Káàkiri pápá li ó ń yé ẹyin sí, ìdin rẹ̀ ń jẹ ewé, òun fúnra rẹ̀ a sì kú. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ li ó ń padà sọdá aṣálẹ̀. Èyí yà wá lẹ́nu ju ti Mẹ́síkò lọ: ta li ó fi ọ̀nà han ọmọ tí kò mọ ilé baba rẹ̀?

Òjò li ó ń mú ewé hù. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2021 fi hàn pé bí ewéko bá pọ̀ ní Sàhẹ́lì, labalábá náà a pọ̀ ní Yúróòpù ní ìrúwé tí ó tẹ̀ lé e. Bí ọ̀dá bá dá ní Sàhẹ́lì, ọgbà òdòdó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìrìn àjò bá gbé lọ sí Kánò tàbí Katsina láàrin oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kọkànlá, kí ó máa wo orí òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà.