Nígbà Tí Ajá Bá Dojú Kọ Wá: Ẹ̀kọ́ Lórí Àrùn Dìgbòlugi



Ní Adó-Èkìtì, ní Ìyìn àti ní Ìgèdè, kò ṣòro láti rí ajá tó ń dá rìn kiri ní àfẹ̀mọ́júmọ́ tí à ń lọ kírun Àsùbáà, tàbí ní ìrọ̀lẹ́ tí àwọn ọmọ ń ti ilé-kéú bọ̀. Itọ́ irú ajá bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù ju eyín rẹ̀ lọ, nítorí inú itọ́ ni àrùn dìgbòlugi ń gbé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé.

Bí ajá bá sún mọ́ wa

Ẹ má sá, ẹ má pariwo; ajá a máa lé ohun tó bá ń sá. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ má wò ó lójú, kí ẹ wá máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi báàgì tàbí agboòrùn sí àárín ẹ̀yin àti òun. Bí ó bá gbé yín ṣubú, ẹ ká jọ, kí ẹ fi apá bo ojú àti ọrùn. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí kí ẹ tó rán wọn níṣẹ́. Ẹranko igbó tó bá wọ ìlú tí kò bẹ̀rù ènìyàn, kí wọ́n jìnnà sí òun náà.

Bí ó bá ti bù wá jẹ

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí á fọ abọ́ tí ajá bá lá nígbà méje, kí á lo erùpẹ̀ nínú rẹ̀. Ti abọ́ nìyẹn o. A kì í fi erùpẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni a ó fi fọ ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, bí ó tilẹ̀ ha ni lára lásán ni. Kí á má fi epo pupa, ata tàbí àgbo sí i.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí á gba ọsibítù lọ. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà ní Adó. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo kò tó. Ọjọ́ tí dókítà bá dá fún wa láti padà wá, kí á má fo ìkankan nínú rẹ̀. Àrùn yìí sábà máa ń fara pamọ́ fún oṣù kan sí mẹ́ta, ìgbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹni náà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Bí ajá náà bá ní olówó, kí á so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10, kí dókítà ẹran máa wò ó. Ṣùgbọ́n kí á má dúró de ọjọ́ náà kí á tó lọ gba abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má lu ọmọ tó bá sọ pé ajá bu òun jẹ. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù ẹgba yóò fi ọgbẹ́ pamọ́, ìpamọ́ yẹn ló ń pani. Ẹni tó bá sì ń sin ajá ọdẹ tàbí ajá oko, èyí tí ẹ̀sìn gbà láàyè, ojúṣe rẹ̀ ni láti máa gún un lábẹ́rẹ́ lọ́dọọdún.

Ẹni tó gbára lé Ọlọ́hun a kọ́kọ́ so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ àwa àti àwọn ọmọ wa. Àmín.