Àjàní, Gbé Eegun Yẹn Sílẹ̀

Àjàní, jókòó. Má tíì bu omi mu, jókòó ná. Kí ló wà nínú náílọ̀nù dúdú tí o ń fi pamọ́ sẹ́yìn yẹn? Mo rí ọ níbi ìnáwó. Gbogbo èèyàn ń jó, ìwọ ń ti ìdí tábìlì kan bọ́ sí òmíràn, ò ń ṣa eegun adìyẹ bí ẹni ń ṣa ẹ̀kùrọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé ṣé ebi ń pa ọmọ yìí ni. Ojú tì mí, mo ní ajá lò ń sìn nílé.

Bingo lo fẹ́ kó o fún, mo mọ̀. O fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Àmọ́ ìfẹ́ yẹn ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ajá lóru ọjọ́ kan. Eegun tí a ti sè tàbí tí a ti dín kì í kán bí èèyàn ṣe rò. Ó ń fọ́ sí ẹ̀rún ẹ̀rún tó mú bí abẹ́rẹ́. Ó lè gún un lọ́fun, ó lè dá ìfun lu. Má sì wí fún mi pé, "Àǹtí, àwọn ajá àdúgbò ń jẹ ẹ́." Èyí tó jẹ ẹ́ tó kú, ta ló ṣe òkú rẹ̀ tí o máa gbọ́?

Oṣù mélòó ni Bingo pé báyìí? Márùn-ún. Ẹ ò rí i! Eyín ló ń dà á láàmú. Eyín 28 ni ọmọ ajá kọ́kọ́ máa ń ní. Bó bá ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin, wọ́n á máa já bọ́, 42 ti àgbà á sì máa jáde, títí á fi tó oṣù mẹ́fà tàbí méje. Erìgì ń yún un ni. Ìwọ tí o fi ẹnu họ orógùn ìyá rẹ jẹ títí tó fi rí jáganjàgan, ṣé ẹnikẹ́ni nà ọ́? O wá ń na Bingo nítorí bàtà ọ́fíìsì rẹ tó rún. Ìwọ náà lo sì fún un ní ògbólógbòó sílípáàsì pé kó máa fi ṣeré. Ta lo fẹ́ kó ṣàlàyé fún un pé bàtà ọ́fíìsì yàtọ̀ sí sílípáàsì?

Rẹ aṣọ ìnujú kan sínú omi, fún un, gbé e sí fíríìsà kó tutù dáadáa, kí o wá fún Bingo kó máa rún un lójú rẹ. Lójú rẹ ni mo wí o.

Èmi náà ti ṣe irú àṣìṣe eegun yìí rí. Nígbà tí mo ṣì ní ajá mi, Tamọ̀la (Bingo lásán lẹ̀yin mọ̀, ajá tiwa máa ń jẹ́ orúkọ tá a fi ń bá aládùúgbò wí), mo rò pé ohun tó bá le ló ń tọ́jọ́. Mo ra eegun ẹsẹ̀ màlúù lọ́wọ́ alápatà. Ó rún un fún ọ̀sẹ̀ méjì, inú mi ń dùn. Ó di ọjọ́ kan, kò jẹun mọ́. Dókítà ká ètè rẹ̀ sókè, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i: eyín ńlá òkè tó fi ń gé ẹran ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí àwo tó sán létí, inú rẹ̀ pupa. Wọ́n yọ ọ́. Apá kan ẹnu ni Tamọ̀la fi jẹun títí ó fi kú. Eegun ọ̀hún ṣì wà lẹ́yìnkùlé, nǹkan kan ò ṣe é.

Ọjọ́ yẹn ni dókítà kọ́ mi pé, ohunkóhun tí mo bá fẹ́ rà fún ajá láti máa rún, kí n fi èékánná àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kó tẹ̀ wọlé díẹ̀. Bí kò bá tẹ̀, kí n fi gbá orúnkún ara mi. Bí mo bá pariwo, kí n dá a padà sórí àtẹ. Eegun màlúù, ìwo, pátákò, kò sí èyí tó yege nínú wọn.

Rọ́bà pupa tí àbúrò rẹ fi ránṣẹ́ láti Houston ńkọ́, èyí tó dà bí bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n tò léra? O gbé e sórí fíríìjì bí ife ẹ̀yẹ. KONG ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin ará Colorado kan, Joe Markham, ní ajá kan tó ń jẹ́ Fritz, tí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa rún òkúta, tó fi ń ba eyín ara rẹ̀ jẹ́. Lọ́jọ́ kan tí ọkùnrin náà ń tún ọkọ̀ Volkswagen ṣe, rọ́bà kan tó tú lábẹ́ ọkọ̀ ni Fritz gbá mú, ló bá gbàgbé òkúta. Láti 1976 ni wọ́n ti ń ṣe é tà. Ó ń tẹ̀, kì í tètè já, ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ pupa yẹn ṣì le fún Bingo. Ti ọmọ ajá wà lọ́tọ̀, ó rọ̀ jù ú lọ. Dúdú ni ti àwọn alágbára ẹnu bíi Boerboel. Títóbi rẹ̀ náà ṣe pàtàkì: ohun tó bá lè yọ́ kọjá eyín ẹ̀yìn lè dí i lọ́fun.

Ihò inú rẹ̀ kì í ṣe lásán. Ki ẹ̀kọ tútù sí i, tàbí ọ̀dùnkún tí o sè tí o gún, láìsí iyọ̀, láìsí ata, kó dì ní fíríìsà. Á máa lá a títí oorun á fi gbé e. Bó bá jẹ́ ẹ̀pà lílọ̀ inú ìgò lo fẹ́ lò, ka ara ìgò náà. Bí o bá rí xylitol níbẹ̀, má jẹ́ kó kàn án lẹ́nu. Adùn yẹn ò ṣe èèyàn ní nǹkan, ajá ló ń pa. Ṣokoléètì náà kò dáa, ọbẹ̀ àṣẹ́kù tí àlùbọ́sà wà nínú rẹ̀ kò dáa. Kí gbogbo ìpanu rẹ̀ má sì ju ìdá kan nínú mẹ́wàá oúnjẹ òòjọ́ lọ, kó má lọ sanra bíi tìrẹ.

Awọ tí wọ́n lọ́ bí eegun ní sọ́ọ̀bù? Ẹ̀gbọ́n pọ̀nmọ́ ni, a ò kàn sè é ni. Bó bá gbé èyí tó tóbi mì, ó máa wú. Okùn alárànpọ̀ ńkọ́? Bí fọ́nrán rẹ̀ bá wọ ikùn, á fa ìfun jọ bí ìgbà tí o fa okùn ṣòkòtò. Bọ́ọ̀lù tẹníìsì, jù ú kó sá tẹ̀ lé e, kí o gbà á padà. Irun ara rẹ̀ ń gba yanrìn, ó sì ń ha eyín bíi sáńdípépà.

Kí lo wí? "Ẹ má bínú mà"? Ta ló ń bínú? Mú náílọ̀nù yẹn wá. Garawa ìdọ̀tí tèmi ní ìdérí, tìrẹ ò ní.