Àgbò Tó Tàdí Mẹ́yìn: Ọ̀rọ̀ Orúnkún Ọ̀dọ́ Agbábọ́ọ̀lù

Àwọn àgbà ní àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá. Títàdí mẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rí nínú òwe yìí. Agbára tó lọ mú wá ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, torí òun ni àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù kì í dúró mú. Iṣan orúnkún já, wọ́n ní kí ọmọ sinmi, ó sinmi, ìrora lọ, ó ní ara òun ti yá. Ó tàdí mẹ́yìn lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ òfo ló gbé padà sí pápá.

Iṣan tí mò ń wí ni àwọn dókítà eegun ń pè ní ACL. Àárín orúnkún gan-an ló wà. Ó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, kì í jẹ́ kí ojúgun yọ síwájú tàbí kó lọ́ nígbà tí ọmọ bá sáré tó sì yà lójijì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ọmọ náà: ó fò kan bọ́ọ̀lù, ó balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, orúnkún yí. Òun fúnra rẹ̀ lè gbọ́ ìró rẹ̀, "pọ́". Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, orúnkún ti wú, torí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà sínú oríkèé. Àwọn ọmọbìnrin ni ewu yìí tilẹ̀ ń bá jù lórí pápá.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń ṣìnà. Wọ́n á fi róòbù pa á, wọ́n á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun pé kó bá wọn fà á. Àwọn tó lọ sí ọsibítù pàápàá á ya X-ray, wọ́n á ní, "Ọlọ́run ṣeun, eegun ò kán," ọmọ á sì padà sí pápá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. X-ray kì í fi iṣan yìí hàn. Ọwọ́ dókítà tó mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ orúnkún wò, àti àyẹ̀wò MRI, ló ń tú àṣírí rẹ̀. Láti 1945 ni ilé-ìwòsàn eegun ti wà ní Igbóbì l'Ékòó. UCH wà n'Ìbàdàn. Ẹ gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bí ó bá ń fi orúnkún tí iṣan rẹ̀ ti já gbá bọ́ọ̀lù, orúnkún náà á máa yẹ̀, ìgbàkígbà tó bá sì yẹ̀, ó lè fa ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun méjèèjì ya. Ọ̀ràn di méjì nìyẹn.

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí ọ̀rọ̀ bá já sí iṣẹ́ abẹ láti fi iṣan mìíràn rọ́pò èyí tó já, dókítà tó ní kí wíwú kọ́kọ́ lọ, kí ẹsẹ̀ lè nà tán kí wọ́n tó ṣe é, kò fi àkókò yín ṣòfò. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ orí ọmọ gan-an ni kí ẹ sọ fún un, kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé bọ́ọ̀lù. Bí eegun ọmọ bá ṣì ń dàgbà, ọ̀nà tí wọ́n máa gbà ṣe iṣẹ́ abẹ náà yàtọ̀.

Lára ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń gé iṣan tí wọ́n fi ń rọ́pò èyí tó já, láti ẹ̀yìn itan tàbí láti iwájú orúnkún. Iṣan àfirọ́pò yìí dà bí kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́: ewé rẹ̀ tutù, gbòǹgbò rẹ̀ ò tíì mú ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà wọ inú rẹ̀, oṣù gorí oṣù kó tó le. Ìrora kì í dúró dè é. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹrin, ọmọ ti ń sáré díẹ̀díẹ̀, kò sí ohun tó ń dùn ún, kóòṣì sì ń wí pé àwọn kan ń bọ̀ láti Yúróòpù wá wo ọmọ. Oṣù yìí ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Oslo, tó jáde ní 2016, fi hàn pé oṣù kọ̀ọ̀kan tí eléré ìdárayá bá fi sún ìpadàbọ̀ rẹ̀ síwájú, títí di oṣù kẹsàn-án, ń dín ewu ìpalára orúnkún mìíràn kù ní nǹkan bí ìdajì. Nínú àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25 tí wọ́n padà sídìí eré, bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni iṣan yìí tún ń já fún, ní ẹsẹ̀ yẹn tàbí ní ẹsẹ̀ kejì. Ọmọ ọdún 19 ni Gavi ti Barcelona nígbà tí tirẹ̀ já ní oṣù kọkànlá 2023. Oṣù kẹwàá 2024 ló tó padà sí pápá. Bí Barcelona, pẹ̀lú gbogbo dókítà tí wọ́n ní, bá lè fi oṣù mọ́kànlá dúró de ọmọ, kí ló ń lé wa?

Agbára tí àgbò lọ mú wá náà ṣeé wọ̀n. Iṣan iwájú itan máa ń gbẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ ó rí i pé itan kan ti tín-ín-rín ju èkejì lọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀: kí ó ká aṣọ sábẹ́ gìgísẹ̀ kí orúnkún lè nà tán, kí ó máa fún itan pọ̀ kó máa tú u sílẹ̀. Bó bá yá, á máa fi ẹsẹ̀ kan dìde lórí àga, á máa gun àtẹ̀gùn, bí físíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tún ara ṣe, bá ṣe ní kó ṣe é. Kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù, ó yẹ kí agbára ẹsẹ̀ tó fara pa tó ìdá 90 nínú 100 ti èkejì, kí ó sì lè fi í tọ kí ó balẹ̀ láìwárìrì. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti ka owó físíò mọ́ owó iṣẹ́ abẹ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kankan, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó máa sanwó bí ọmọ bá ṣèṣe.

Ìrètí wà, ó sì pọ̀. Victor Boniface, ọmọ tí wọ́n bí l'Ákùúrẹ́, iṣan yìí já fún un lẹ́ẹ̀mejì nígbà tó wà ní Bodø/Glimt ní Norway. Ó dúró, ó tún ara ṣe. Ní 2022 ó lọ sí Belgium, ní 2023 ó bọ́ sí Leverkusen ní Jámánì, ní 2024 wọ́n gba líìgì láìpàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì kan ṣoṣo.

Ìwọ ọmọ tó ń ka èyí, má gba abẹ́rẹ́ apàrora torí pé o fẹ́ kí àlejò kan rí ọ lórí pápá. Bí ó bá tó àkókò, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣe ìdánrawò dáadáa kí o tó wọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, kí o sì fi ìṣẹ́jú díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí orúnkún bá wú láàárọ̀ ọjọ́ kejì, sọ fún físíò lọ́jọ́ náà gan-an, má fi pamọ́ fún kóòṣì.