Ẹ̀kọ́ Oṣù Yìí: Owó Oṣù Àwọn Àǹtí Jẹ́lé-ó-sinmi

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ lóṣù yìí kan ẹni tó ń tajà ní Ìkòtún, ó kan ẹni tó ní ilé-ìwé kékeré ní Ìgándò, ó sì kan àwọn tó ń ṣe tíṣà ní Ẹgbẹ́dá láàárín wa. Ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn àǹtí tó ń tọ́jú àwọn ọmọ wa kéékèèké ni.

Jẹ́lé-ó-sinmi ni a ń pe ilé-ìwé wọn. Kí ọmọ lọ, kí ilé sinmi. Orúkọ náà dùn, àmọ́ ó ti tàn wá jẹ díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ká ṣáà jókòó ti ọmọ ni gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. Ilé sinmi lóòótọ́, ẹ̀yin náà ráyè tẹ́ ọjà yín. Ta ni kò wá sinmi? Àǹtí tó gba ọmọ lọ́wọ́ yín láàárọ̀ kùtù ni, tó ń nu imú, tó ń gbé e lọ yàgbẹ́, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń kọ́ ọ ní kíkà, tó sì ń dúró dè yín títí ẹ ó fi ti ọjà dé.

Ètò ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọmọ 25 ni kí olùkọ́ kan mójú tó ní kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi, kí ó má sì ju 10 lọ tó bá jẹ́ ìkókó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìkókó mẹ́ta péré ni wọ́n gbà kí ẹnì kan tọ́jú bí wọn kò bá tíì pé ọdún méjì. Tí ẹ bá lọ mú ọmọ yín lọ́la, ẹ fara balẹ̀ ka orí tó wà níwájú àǹtí rẹ̀.

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe débí? Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, ọwọ́ àwọn aládàáni ni ó fi ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi sí jù. Òfin 2004 fi ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọdé kún ẹ̀kọ́ gbogboogbò, kíláàsì wọn sì wà nínú àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Àmọ́ èèyàn 1,277,714 ni ìkànìyàn 2006 kà ní Alímọ́ṣọ́, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ kankan ní Èkó tó tó o. Àwa kò sì dín kù láti ìgbà náà! Nítorí náà ni ilé-ìwé ṣe ń hù ní gbogbo òpópónà, òmíràn nínú ilé gbígbé, òmíràn lókè ṣọ́ọ̀bù.

Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tí wọ́n ṣe ní 2019, yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Àtúnṣe 2024 sọ iye náà di ₦70,000, ìjọba Èkó sì sọ tirẹ̀ di ₦85,000 fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo yẹn wà síbẹ̀. Ilé-ìwé kékeré mélòó ló ní òṣìṣẹ́ 25? Ohun tí onílé-ìwé bá rí ni yóò san.

Kí a tó bú onílé-ìwé, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ọmọ kan ń san ₦20,000 ní sáà kan, tí ọmọ 25 sì wà ní kíláàsì. ₦500,000 nìyẹn. Sáà mẹ́ta lọ́dún jẹ́ ₦1,500,000. Àmọ́ oṣù 12 ni àǹtí ń jẹun, kì í ṣe oṣù mẹ́sàn-án. Tí a bá pín in sí 12, ₦125,000 ni lóṣù. Tí àǹtí kan àti igbákejì rẹ̀ bá gba ₦70,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦140,000 ti lọ. Owó ilé àti epo jẹnẹrétọ̀ kò tíì wọ̀ ọ́. Tí òbí márùn-ún bá wá jẹ gbèsè, ₦125,000 yẹn di ₦100,000. Ẹ rí i pé gbèsè wa, nínú àpò àǹtí ló ti ń jáde. Ní Oṣù Kẹta 2020, tí wọ́n ti ilé-ìwé pa nítorí àrùn Kòrónà, owó ilé-ìwé dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ tíṣà aládàáni kò sì rí kọ́bọ̀ gbà fún oṣù púpọ̀.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àǹtí tó bá rí i pé owó POS tàbí iṣẹ́ aṣọ rírán ju èyí lọ, àárín sáà ni yóò lọ. Wọ́n á da kíláàsì méjì pọ̀, tàbí kí wọ́n mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá wá. Ọmọ yín á máa ké lẹ́nu géètì torí kò mọ ojú tuntun, ọjà yín á sì pẹ́ kó tó ṣí. Àǹtí tí owó rẹ̀ kò wọlé déédéé kò sì lè fi owó pamọ́ sọ́dọ̀ wa, kò lè yáwó, kò lè ṣe onígbọ̀wọ́ ẹnikẹ́ni.

A kò ní kí ọlọ́jà máa san ohun tí kò ní. Ohun tí a rí ni pé owó sáà kan máa ń wúwo torí ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń béèrè rẹ̀. ₦1,200 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 17 jẹ́ ₦20,400. Owó sáà ti pé, ó sì ku díẹ̀. Ẹ̀yin onílé-ìwé, ẹ fún àǹtí ní ìwé iṣẹ́ tí a kọ iye owó rẹ̀ sí, kí ẹ sì tò ó kí owó ìsinmi wà níbẹ̀. Ẹ má ṣe máa fi pípẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá gé owó ẹni tó dúró di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lánàá. Ẹ lè fi owó oṣù ìsinmi pamọ́ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ọwọ́ má baà tó o fún nǹkan mìíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àfipamọ́ owó ilé-ìwé sáà tó ń bọ̀, kí ó sọ fún akápò kí ìpàdé oṣù yìí tó parí, kí wọ́n lè ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún un nínú ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀.